Asọ̀rọ̀mágbèsì nílé ẹjọ́: eré rédíò tí wọ́n yọ látinú ìwé ọlọ́pàá

Bí a bá ní ká ka àwọn ohun ìní tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa ní Dassa-Zoumè, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni oríkì ìdílé, orin orò, eégún, ààfin, àti àwọn òkè mọ́kànlélógójì tó yí wa ká. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rédíò. Síbẹ̀, rédíò wà lára ohun tó tọ́ ìran àwọn òbí wa dàgbà. Òun ni wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹní lálẹ́, òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń lọ ní Cotonou, ní Ìbàdàn àti ní ìlú òyìnbó, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ìtàn.

Nínú gbogbo ìtàn tí rédíò ń sọ kárí ayé, oríṣi kan wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ kó pari: eré nípa olè, apànìyàn àti gbájúẹ̀, tí wọ́n yọ látinú ọ̀ràn tí ọlọ́pàá wádìí ní tòótọ́. Àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ ṣàlàyé bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àǹfààní tí ọlọ́pàá ń rí nínú rẹ̀, ohun tí àwa Yorùbá ní tó jọ ọ́, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ẹgbẹ́ tó ń kó ohùn àwọn àgbà jọ bíi tiwa.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn èèyàn ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri. Ẹni tó ni ín kò lè yan ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbọ́. Ohun tí ìjọba bá fi sínú wáyà ni yóò jáde. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì.

Orúkọ náà bá a mu gan-an. Ní agbo ìtàn wa, bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á dáhùn "Ààlọ̀!" Bí ó bá gbé orin, wọ́n á gbè é. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àgbà kan á tún un ṣe lójú kan náà. Rédíò kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí pé nínú eré tí wọ́n bá yọ látinú ọ̀ràn ọlọ́pàá, ẹni méjì ni kò lè fèsì: ẹni tó ń gbọ́, àti ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lápá ọ̀dọ̀ wa, ní 1953 ni rédíò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dahomey, láti Cotonou. Èdè Faransé ló gba ipò iwájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀rọ alágbèéká ní àárín àwọn òkè wa kò fi dandan dúró sórí Cotonou. Láti Dassa sí Ìbàdàn, bí ẹyẹ bá fò ó, kò tó igba kìlómítà. Ìgbì rédíò àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ondes moyennes ní Faransé, sì máa ń rìn jìnnà lálẹ́ ju ọ̀sán lọ. Ohun tó fà á ni pé oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí apá kan nínú òfuurufú gbé ìgbì náà mì. Bí oòrùn bá wọ̀, apá yẹn á pòórá, èyí tó wà lókè rẹ̀ á sì máa dá ìgbì náà padà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà kò dí ohùn Yorùbá lọ́wọ́ lálẹ́.

Ibi tí eré ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀

Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1933, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Calling All Cars bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ilé iṣẹ́ epo kan ló ń sanwó rẹ̀. Ọ̀ràn tí ọlọ́pàá ìlú Los Angeles ti parí ni wọ́n ń fi ṣe eré, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà fúnra rẹ̀, James E. Davis, a sì máa bọ́ sórí afẹ́fẹ́ láti ṣí ètò. Ó wà títí di 1939.

Ní oṣù keje 1935, Phillips H. Lord gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ G-Men, nípa iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn FBI. Ọ̀ràn John Dillinger, adigunjalè tí wọ́n yìnbọn pa ní Chicago ní ọdún tó ṣáájú, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. J. Edgar Hoover, ọ̀gá FBI, ní àfi kí òun máa yẹ ìwé eré wò kí wọ́n tó ṣe é. Àjọṣe náà kò pẹ́. Ní oṣù kìíní 1936, Lord tún ètò náà gbé jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Gang Busters, ó sì yíjú sí àwọn ọlọ́pàá ìlú àti ti ìpínlẹ̀. Èyí wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 1957. Ní ìparí ètò, wọ́n máa ń ka àwòrán ara àwọn ọ̀daràn tí ọlọ́pàá ṣì ń wá: bí ó ṣe ga tó, irú irun tó ní, àpá tó wà lójú rẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé á gbọ́, á sì máa wo aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ohun tí ètò yìí ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé ọjọ́ olóhun ti dé, àti pé ọwọ́ wọn ló wà.

Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Dragnet. Jack Webb, òṣèré rédíò, kópa nínú fíìmù kan ní 1948, He Walked by Night, tí wọ́n gbé ka ọ̀ràn apànìyàn kan ní Los Angeles. Níbi iṣẹ́ fíìmù náà ló ti pàdé Marty Wynn, ọlọ́pàá tó wá ń tọ́ wọn sọ́nà. Látinú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ni èrò ti wá pé kí wọ́n ṣe eré rédíò tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá hàn bí ó ṣe rí gan-an. Webb bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá jáde lálẹ́, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1949, Dragnet bẹ̀rẹ̀ lórí NBC. Webb ni Joe Friday, ọlọ́pàá tí nọ́ńbà báàjì rẹ̀ jẹ́ 714. Àwọn apá tí wọ́n ṣe fún rédíò lé ní 300, ó sì parí ní 1957, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ti gba ipò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìwé ọlọ́pàá di eré

Ìwé ọlọ́pàá kì í ṣe ìtàn. Àkójọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni. Láti sọ ọ́ di eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n máa ń ṣe.

Èkíní, wọ́n á yí orúkọ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Dragnet kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń sọ fún olùgbọ́ pé òótọ́ ni ìtàn náà, àti pé torí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe yí orúkọ. Ìkéde kúkúrú yìí ṣe iṣẹ́ méjì: ó dáàbò bo àwọn tí ọ̀ràn kàn, ó sì mú kí olùgbọ́ gba ìtàn gbọ́.

Èkejì, wọ́n á pa ọjọ́ àti wákàtí mọ́. Joe Friday máa ń sọ ọjọ́ wo ni, báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹ̀ka iṣẹ́ wo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, àti aago mélòó ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Kò sí orí yíyá, kò sí ariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló mú kí àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á fi ìró sọ ohun tí ojú ì bá rí. Bàtà lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn ọkọ̀, tẹlifóònù, ìwé tí ẹnì kan ń ṣí: àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju ìró lọ ló ń ṣe wọ́n nínú yàrá ìgbóhùn. Afọ́jú ni rédíò. Etí ló fi ń ríran.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n á sọ ìdájọ́. Bí eré bá parí, wọ́n á sọ ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn náà, wọ́n á sì sọ ìyà tí adájọ́ dá. Ìtàn kò dúró sórí mímú olè. Ó dé iwájú adájọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ló ní ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá 1949, Dragnet gbé apá kan jáde nípa ìbọn kékeré tí òbí rà pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ nítorí Kérésìmesì. Ọmọ náà rí i ṣáájú ọjọ́, ìbọn náà sì pa ọmọdé. Kò sí ẹni tí ọlọ́pàá yóò lé mú, ìbànújẹ́ nìkan ló kù. Apá yẹn jẹ́ ká mọ ohun tí irú eré yìí lè ṣe nígbà tó bá gbàgbé ìgbéraga ọlọ́pàá tó sì dojú kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ èèyàn.

Bí eré náà ṣe rìn káàkiri

Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi gba àṣà yìí. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, D-24 bẹ̀rẹ̀ ní 1951 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọlọ́pàá Victoria. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, Orson Welles ń sọ ìtàn nínú The Black Museum: á mú ohun kan látinú ilé ìkóhunsí ọlọ́pàá Scotland Yard, á sì fi sọ ọ̀ràn tí ohun náà jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀.

Àwa tí a ka ìwé ní Faransé mọ orúkọ Pierre Bellemare. Lórí Europe 1, ní àwọn ọdún 1970, ó ń sọ Les Dossiers extraordinaires, ọ̀ràn tòótọ́ láti onírúurú ilẹ̀. Kò ní òṣèré rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni. Bí Yorùbá bá gbọ́ ọ, kò ní pẹ́ mọ̀ pé apìtàn ni. Ọ̀nà tó fi ń dá ọ̀rọ̀ dúró kí olùgbọ́ lè mí, ọ̀nà tó fi ń pa orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ títí dé òpin, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìyá àgbà lẹ́bàá iná.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó lókìkí jù ni Squad Cars ti Gúúsù Áfíríkà. Springbok Radio ló gbé e jáde, láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di 1985 tí ilé iṣẹ́ rédíò náà fúnra rẹ̀ kógbá sílé. Ìwé ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìdílé á jókòó ti rédíò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbọ́ bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣọ́ ìlú nígbà tí àwọn èèyàn rere bá sùn.

Ta ni ìtàn náà ń ṣiṣẹ́ fún?

Ibí yìí ló yẹ kí olùwádìí ti dúró díẹ̀. Ẹ wo àwọn ọdún tí Squad Cars fi wà lórí afẹ́fẹ́. Ní oṣù kẹfà 1976, ọlọ́pàá kan náà yìnbọn sí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Soweto. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 1977, Steve Biko kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń mú àwọn èèyàn dúdú torí pé ìwé ìrìnnà wọn kò pé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọlọ́pàá náà jẹ́ kò lè rí i nínú eré tí wọ́n yọ látinú ìwé tí àwọn fúnra wọn yàn. Ó ṣeé ṣe kí olè inú eré jẹ́ olè lóòótọ́. Ohun tó fara sin ni àwọn fáìlì tí wọn kò gbé jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Los Angeles. Ọlọ́pàá ló ń yọ̀ǹda ọ̀ràn fún Webb, ọlọ́pàá náà ló sì ń jèrè orúkọ rere tí eré ń fún wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé ìlú náà nígbà yẹn ní ìtàn mìíràn láti sọ nípa ọlọ́pàá kan náà, ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn kò sí nínú ìwé tí wọ́n gbé fún òǹkọ̀wé. Hoover tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwé eré ṣe.

Yorùbá ní, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ni. Eré ọlọ́pàá jẹ́ ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá ń lò ó láti mọ ìtàn ìlú gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: Ta ló yan ọ̀ràn yìí? Ta ló ka ìwé eré kí wọ́n tó ṣe é? Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ńkọ́, kí ni òun sọ?

Ohun tí àwa ní tó jọ ọ́

Ẹ má ṣe rò pé rédíò ló kọ́ wa láti fi ọ̀ràn tòótọ́ ṣeré. Ní Kétu àti ní àwọn ìlú Yorùbá tó yí i ká, alẹ́ tó ṣáájú ijó gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ti ẹ̀fẹ̀. Ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ máa ń dúró níwájú gbogbo ìlú, á sì kọrin nípa ohun tí àwọn èèyàn ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá: ẹni tó jí ẹran, ẹni tó gba owó ẹgbẹ́ jẹ, ọlọ́lá tó rẹ́ tálákà jẹ. Ìlú fún un láyè láti sọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àfiwé ló máa ń lò, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á mọ̀, tí àjèjì kò sì ní mọ̀. UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ọmọ aráyé, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, wọ́n sì fi í sínú ìwé wọn ní 2008. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀fẹ̀ àti eré ọlọ́pàá. Òǹkọ̀wé Dragnet gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ, ó sì gbé e lọ bá ará ìlú. Ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, ó sì lè kọ ọ́ sí aláṣẹ létí.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ìbéèrè nípa òótọ́ àti eré tún yọjú. Láti 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas tẹ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ṣẹ̀gilọlá, obìnrin kan tó ní òun ti gbé ayé ìṣekúṣe tí òun sì ń kú lọ, ló ń kọ wọ́n. Thomas ló hun gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó dárúkọ àdúgbò Èkó àti àwọn ọdún tí àwọn èèyàn mọ̀, àwọn òǹkàwé gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀. Ní 1930 ó di ìwé. Ọgbọ́n kan náà ni Webb lò lẹ́yìn ogún ọdún: ọjọ́, àdúgbò, wákàtí. Ọ̀kan fi í bo àròsọ, ọ̀kan fi í bo ìwé ọlọ́pàá. Nítorí náà, kí ìtàn máa dún bí òótọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ ìtàn àròsọ Yorùbá lọ́nà tí àwọn èèyàn kò gbàgbé. Nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé, tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn ní ìlú tí òǹkàwé mọ̀, pẹ̀lú èdè tó kún fún òwe àti ẹ̀fẹ̀. Àròsọ ni, ṣùgbọ́n ó fi ìlú hàn ju ìwé ẹ̀sùn lọ.

Ọ̀yìn Adéjọbí, tó kú ní 2000, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Kóòtù Aṣípa, ètò orí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, òun ni adájọ́. Ọkọ àti aya, onílé àti ayálégbé, ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè á wá síwájú rẹ̀. Ohun tó ya ètò yìí sọ́tọ̀ ni pé ẹnu olùpẹjọ́ àti ẹnu olùjẹ́jọ́ la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí adájọ́ tó sọ tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò ní.

Ẹni tó sún mọ́ eré ọlọ́pàá jù lórí rédíò Yorùbá ni Kọ́lá Ọláwuyì, tó kú ní 2007. Ètò rẹ̀, Nǹkan Ńbẹ, kì í ṣe eré, ìwádìí ni. Ó ń tọ ọ̀ràn ìpànìyàn, ọ̀ràn ajínigbé àti ọ̀ràn tó rú àwọn èèyàn lójú, ó sì ń gbé ohùn àwọn tí ọ̀ràn kàn sórí afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn máa ń pa iṣẹ́ tì láti gbọ́ ọ. Agbára ètò náà ni pé ohùn gidi ni, kì í ṣe ti òṣèré. Ewu irú ètò bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é, náà kò fara sin: ẹni tó bá jẹ́wọ́ níwájú gbohùngbohùn, ilé ẹjọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Kí ló kan Dassa nínú èyí?

Láti ìgbà tí òfin 1997 ti ṣí ilẹ̀kùn fún rédíò aládàáni àti rédíò agbègbè ní Benin, ohùn kò ti ọ̀nà jíjìn wá mọ́. Radio Ilema wà níbí ní Dassa, Radio Collines sì wà ní Glazoué. Èdè tí a ń sọ lọ́jà ni wọ́n ń sọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ fi èdè Ìdáàṣà ṣe eré látinú ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Collines, ẹ̀rọ wà, òṣèré wà, àwọn tí yóò gbọ́ ọ náà wà. Ẹgbẹ́ wa pàápàá ní lọ́wọ́ ohùn àwọn àgbà tí wọ́n ń sọ ìtàn olè, ìjà ilẹ̀ àti ẹjọ́ tí wọ́n dá láàfin tàbí níwájú kọmáǹdà Faransé.

Los Angeles tóbi. Bí wọ́n bá yí orúkọ padà níbẹ̀, ẹni náà ti sọ nù sáàárín ogunlọ́gọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ pé "ọkùnrin kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá òkè báyìí, ní ọdún tí òjò kò rọ̀", gbogbo ìlú ti mọ ẹni tí à ń bá wí, wọ́n mọ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Oríkì ìdílé kan lè bàjẹ́ nítorí ìtàn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn jẹ olè níyà kí ọlọ́pàá tó dé, orúkọ tí wọ́n dá lórí afẹ́fẹ́ lè di ẹ̀mí tó sọnù.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́ lórí èyí. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1990, nínú abala 17, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Code du numérique ti 2018 náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tí mo dábàá fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ nìyí, fún ohùn tí a ti gbà àti fún eré tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Kí a pín ohun tí a ń tọ́jú sí méjì: ohun tí olùwádìí lè gbọ́ ní ọ́fíìsì, àti ohun tí a lè gbé síta. Ohùn tó bá dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí òun tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kí ó wà ní apá kìíní.

Kí a má ṣe gé ohùn àtilẹ̀wá. Bí a bá fẹ́ yọ orúkọ, ẹ̀dà ni ká ti yọ ọ́. Èyí tí àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà.

Bí a bá yí orúkọ, ká yí àdúgbò àti iṣẹ́ ọwọ́ náà, nítorí pé ní ìlú kékeré, ìwọ̀nyí náà jẹ́ orúkọ.

Kí ìtàn kankan má ṣe jáde láìsọ ibi tí ẹjọ́ parí sí. Bí wọ́n bá dá ẹni náà sílẹ̀, kí ìyẹn dún ketekete bí ẹ̀sùn náà ti dún.

Kí a wá ẹnu kejì. Bí ọ̀ràn bá wà lẹ́nu ìdílé tí wọ́n ṣẹ̀, ká béèrè lọ́wọ́ ìdílé ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá fẹ́, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé a béèrè.

Kásẹ́ẹ̀tì kò ní dúró dè wá

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì yẹ kó kán wa lójú jù. Ìdí tí ayé fi lè gbọ́ Dragnet àti Calling All Cars lónìí ni pé wọ́n gba ohùn náà sórí àwo ńlá, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà sì wà káàkiri, títí kan èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lókè òkun. Àwọn èèyàn lásán ló tọ́jú púpọ̀ nínú wọn sínú ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, téèpù wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi ètò tuntun bo èyí tó wà lórí rẹ̀. Eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tó dà bíi ti Adéjọbí kò tilẹ̀ ní ìwé. Orí ìtàgé ni wọ́n ti ń hun ọ̀rọ̀. Bí a kò bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ibi tí a ti lè rí i.

Kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí wa fi gba ohùn láti ara rédíò jáde ní 1963. Ooru, eruku àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pọ̀ níbí. Ní 2019, UNESCO ké gbàjarè sí gbogbo ayé nípa téèpù: kì í ṣe téèpù nìkan ló ń bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń kà á àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń tán lọ. Ọdún 2025 ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fi ṣe ààlà. Ọdún náà ti dé ná.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbọ́ ọ wò nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò dá lójú, torí ó lè já a. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn, ẹ gbé e dúró ní òòró nínú àpótí tó gbẹ, kí ẹ sì jìnnà sí gbohùngbohùn ńlá, nítorí irin tó ń fa irin tó wà nínú rẹ̀ lè pa ohùn rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ta ló ni ín, ọdún wo ni ẹ rò pé wọ́n gbà á, èdè wo ló wà níbẹ̀, ohùn ta ni ẹ dá mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín.

Bí orúkọ ẹnì kan bá sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ kó jáde, ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹ bá ń gbé e sílẹ̀. A ó kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹni tó bá wá gbọ́ ọ lẹ́yìn wa yóò sì rí i.